Ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú ọmọ lámilámi: láti Ogbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́

Ọjọ́rú, alẹ́, Ogbómọ̀ṣọ́

Iná ò sí. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo gbé lé orí ife kan kí n tó lè ríran di àwọn ayédèrú kòkòrò wọ̀nyí mọ́ ìwọ̀ ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní England ló kó bá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi fọ́tò ẹja kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, trout ni wọ́n ń pè é, ó ní tó-tò-tó dúdú àti pupa lára bí ìgbà tí wọ́n ta aró sí i, ó ní òun ò fi ẹkòló pa á o, ìyẹ́ ẹyẹ lòun dì mọ́ ìwọ̀, ẹja á rò pé kòkòrò ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó wá fi fídíò ránṣẹ́, mo wò ó títí dátà mi fi tán, ni mo bá ní ó dáa, èmi náà á dì í.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí kó má di ìjà: kò sí trout lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹja omi tútù ni, omi bíi dígírì 10 sí 16 ló ti ń gbádùn, tómi bá ti ń sún mọ́ 25 wàhálà dé bá a nìyẹn, àwa sì rèé, omi ẹnu ẹ̀rọ wa gan-an ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n epìyà wà, epìyà sì ń jẹ kòkòrò inú omi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju yẹn lọ, bóyá ẹ̀tàn tí wọ́n ṣe fún trout á tan epìyà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní nymph, ìyẹn kòkòrò inú omi tí ẹ̀tàn yìí ń fara wé, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ kàn lè má mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n ni. Lámilámi tí gbogbo wa lé kiri nígbà tá a wà lọ́mọdé, kó tó níyẹ̀ẹ́ tí yóò fi fò, inú omi ló ń gbé, á máa rá kiri nísàlẹ̀ lórí ẹrẹ̀ àti lára koríko omi, ibẹ̀ lẹja ti ń jẹ ẹ́. Ọmọ kòkòrò tó wà nípò bẹ́ẹ̀ ni nymph, lámilámi nìkan kọ́, ó pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tá à ń dì mọ́ ìwọ̀, ayédèrú ẹ̀ ni. Èmi ò lágbára nymph lẹ́nu, ọmọ lámilámi ni mo ń pe tèmi.

Èyí tí mo yàn láti dì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Sawyer ló gbé e jáde, olùṣọ́ odò ni, lórí odò Avon ní Wiltshire ní England. Ìyẹ́ ìrù ẹyẹ pheasant àti wáyà kọ́pà tín-ín-rín, ó tán. Kò lo òwú rárá. Wáyà yẹn ló fi so ìyẹ́, wáyà yẹn náà ló ń fà á lọ sísàlẹ̀ omi. Ìyẹn ló wù mí lára ẹ̀, nǹkan méjì péré, ọ̀kan nínú wọn tún ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Pheasant ò sí nílé wa, àparò ló wá sí mi lọ́kàn. Mo lọ bá bàbá ọdẹ kan ládùúgbò, wọ́n ní kín ni mo fẹ́ fi ìyẹ́ àparò ṣe, ṣé oògùn ni, mo ní rárá o bàbá, ẹja ni mo fẹ́ fi pa. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n fún mi ṣá, wọn ò gbowó. Àparò kan ò ga jù kan lọ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ìyẹ́ wọn ò gùn bákan náà, àwọn kan kúrú, wọ́n ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Wáyà ní tiẹ̀, kọ́ìlì fáànù tó jóná ni, ẹni tó ń wáìn fáànù nítòsí Takíè níbí ló fún mi lófẹ̀ẹ́, ó ní kí n bá òun kó o kúrò nílẹ̀. Fáìsì tí wọ́n fi ń di ìwọ̀ mú lọ́hùn-ún, owó gidi ni, pílíyà ni mo lò, mo fi rọ́bà báńdì so ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó má là, mo kì í sáàárín búlọ́ọ̀kù méjì.

Ìwọ̀ nọ́ńbà 12 ni (nọ́ńbà ìwọ̀ kéékèèké ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń lọ, bó ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, èmi kọ́ ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀). Mo wé wáyà láti ẹ̀yìn ojú ìwọ̀ dé ibi tó ti fẹ́ tẹ̀ kọdọrọ, mo wé e padà, mo wá kó wáyà jọ síwájú kó yọ gègé díẹ̀, àyà kòkòrò nìyẹn. Fọ́nrán ìyẹ́ mẹ́rin, mo jẹ́ kí ṣóńṣó wọn yọ sẹ́yìn díẹ̀ bí ìrù, mo fi wáyà dè é. Mo lọ́ ìyẹ́ àti wáyà pọ̀ bí ẹni ń ran òwú, mo wé méjèèjì lọ síwájú. Tó bá ti dé àyà, mo tú wọn kúrò lára ara wọn, mo ká ìyẹ́ síwájú, mo fi wáyà dè é, mo ká a sẹ́yìn, mo dè é, mo tún ká a síwájú. Ó ku kí n wé wáyà mẹ́ta mẹ́rin kí n sì máa yí i títí táá fi já fúnra ẹ̀.

Àkọ́kọ́ dà bí ìgbẹ́ eku. Ẹ̀ẹ̀kejì náà. Ìkẹfà ni mo tó gbé e sójú tọ́ọ̀ṣì tí mo rẹ́rìn-ín, ó jọ kòkòrò pátápátá. Ìyàwó mi kọjá, ó ní "ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ ká ìwọ̀ yẹn nílẹ̀ dáadáa, ọmọ ń rá kiri nílé." Mo tún di mẹ́ta mìíràn tí mo fi òjé sábẹ́ wọn kí n tó wé wáyà, òjé ara àwọ̀n tó gbó ni, mo fi òòlù lù ú títí tó fi fẹ́lẹ́, mo gé e wẹ́wẹ́ bí okùn. Wọ́n wú bí ẹni tó yó, wọn ò wù mí rárá. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan òjé ẹ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó jẹun o, májèlé ni. Ní England wọ́n ti fòfin de òjé ìwọ̀ kéékèèké láti 1987 nítorí àwọn ẹyẹ swan tó ń gbé e mì tó sì ń pa wọ́n.

Aago mọ́kànlá ti lù. Mẹ́sàn-án ló wà nínú agolo tọ́míìtì báyìí.

Ọjọ́bọ̀, dáàmù Ọ̀bà

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ débi pé ètè mi ń là, mo gun ọ̀kadà pẹ̀lú ọparun ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ́wọ́, gbogbo ẹni tó rí wa lọ́nà ló ń yà fún wa bí ẹni pé ọ̀kọ̀ ogun ni. Omi mọ́, òjò ti dá tipẹ́, ẹrẹ̀ ti sílẹ̀, ìyẹn sì dáa fún irú nǹkan báyìí torí ẹja gbọ́dọ̀ rí i ni, kò lóòórùn tó lè fi gbọ́ ọ.

Mo bá bàbá apẹja kan létí omi, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àyè, wọ́n ní kí n jókòó síbi tó bá wù mí. Mo gé sílípá fóòmù tó já, mo fi ṣe fùlóòtì, mo so ó sí bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lókè ìwọ̀. Àwọn tó rẹwà yẹn ni mo kọ́kọ́ lò dájúdájú, ta ló fẹ́ mú èyí tó wú jáde níṣojú àgbà.

Wákàtí méjì, kò sí nǹkan kan. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan wá ń bu sílípá yẹn jẹ, ẹ ò rí ayé, èyí tí mo gé pẹ̀lú ọ̀bẹ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ni wọ́n ń jẹ, èyí tí mo fi alẹ́ ọjọ́ kan dì wọn ò wò ó. Bàbá ń fa epìyà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kan, méjì, mo dẹ́kun kíkà nígbà tó di méje.

Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìjẹ dà lẹ́nu ìwọ̀ rẹ?"

Mo ní, "Ìjẹ náà nìyí bàbá."

Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e símú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, mo ti múra pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó jọ ohun tí mo máa ń bá nínú ẹja tí mo bá là á. Ó ń dé ilẹ̀ àbí kò dé?"

Mi ò lè dáhùn. Òtítọ́ ni mò ń sọ, mo ti ń ronú nípa ìrù, nípa àwọ̀, nípa bóyá fọ́nrán mẹ́rin ni àbí márùn-ún, mi ò ronú rárá pé níbo ló wà lábẹ́ omi. Omi ibi tí mo jókòó sí jìn ju ọparun mi lọ, ọmọ lámilámi mi sì so rọ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà méjì bí ẹni ń sá aṣọ. Kòkòrò wo ló ń dúró sójú kan láàárín omi? Ìsàlẹ̀ ni ilé ẹ̀.

Mo yọ sílípá kúrò, mo mú àwọn tó wú jáde. Wọ́n lọ sísàlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì lọ bá kùkùté. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ dáàmù ẹ mọ̀ pé igi wà níbẹ̀ kí omi tó dé, igi yẹn ò kúrò. Mo fi méjì nínú mẹ́ta síbẹ̀. Bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n, okùn gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, mo fà á, mo rí ẹ̀gbẹ́ epìyà kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ tó yí funfun nínú omi, ó sì já bọ́. Ìyẹn nìkan ni.

Bàbá fún mi ní epìyà méjì kí n má baà dé ilé lófo. Ìyàwó mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ìyẹ́ àparò ló pa eléyìí?" Mo ní jẹ́ ká kọ́kọ́ dín in ná.

Ẹtì

N kò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, mo ń ju wọ́n sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà. Onírẹwà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó balẹ̀. Eléyìí tó wú: mi ò tíì pe méjì tán tó ti kan ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ilé pé jọ, wọ́n ń bá mi kà á, ó di eré.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lálẹ́, mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí nìyẹn táwọn tòun fi ń náwó sórí ìlẹ̀kẹ̀ tungsten, tungsten wúwo gan-an, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 19.3 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, òjé 11.3, kọ́pà ò tó 9, nítorí náà ìlẹ̀kẹ̀ kékeré báyìí á fà á rìlẹ̀ láìjẹ́ pé ó wú. Mo ní tungsten dà l'Ógbómọ̀ṣọ́? Ó ní ṣáà máa lo òjé ẹ. Ó wá bi mí pé, "Ṣé o ń gbé e?" Mo ní gbé kín ni? Ó ní, "Háà. O jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ ni? Kòkòrò tó fẹ́ di oníyẹ̀ẹ́ máa ń gbéra nílẹ̀ lọ sókè ni, ìgbà yẹn lẹja ń gbá a mú. Sawyer fúnra ẹ̀, tó bá rí trout lójú omi, á jẹ́ kí nymph rì kọjá níwájú ẹ̀, á wá gbé e sókè díẹ̀, trout ò ní lè mú un mọ́ra."

Èmi tí mo wo fídíò yẹn títí dátà fi tán, bí wọ́n ṣe ń dì í nìkan ni mo rí.

Mo di mẹ́jọ, gbogbo wọn olójé. Mi ò ka fọ́nrán mọ́. Fún méjì, ìyẹ́ tán, mo fa òwú pupa lára fìlà òtútù ọmọ mi tó ti ń tú, mo fi wé wọn. Kí ìyá ẹ̀ má rí èyí o.

Àbámẹ́ta, Ọ̀yọ́

Bọ́ọ̀sì láti Takíè. Bíi kìlómítà 50 ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà yẹn ẹ mọ̀ pé kìlómítà kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, sùúrù ni. Ọparun ò wọlé, wọ́n dè é sórí ọkọ̀, kọndọ́ ní kí n san owó èèyàn kan fún un, a yọ ọ́ dé ìdajì.

Ilé àǹtí mi ni mo dé sí, wọ́n ní kí n jẹun, mo ní ẹja ni mo wá pa mà, wọ́n ní ṣé ẹja ló ní kóo má jẹun? Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀mí mi balẹ̀. Mo yà ní ọjà Akẹ̀sán lẹ́yìn ìyẹn, mo wá ìlẹ̀kẹ̀ idẹ kékeré tí ihò ẹ̀ á gba ìwọ̀, ìyá tó ń tà á ní mélòó ni ìyàwó mi fẹ́, mo ní kì í ṣe ìyàwó mi mà, wọ́n bá dákẹ́, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ń rò ó. Ó ti pẹ́ kí n tó rí i pé ohun tí mo sọ burú. Idẹ ò wúwo tó òjé ṣùgbọ́n ó ń dán, mo ra márùn-ún.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó dé dáàmù Erelú, lọ́nà Ìsẹ́yìn. Oòrùn ti ń pọ́n. Kò sí kùkùté púpọ̀ níbi tí wọ́n fi mí sí, ilẹ̀ ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí fùlóòtì. Mo ju olójé kan, mo tẹ̀lé okùn pẹ̀lú ojú títí tó fi dẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti balẹ̀. Mo ka márùn-ún. Mo gbé ṣóńṣó ọparun sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹsẹ̀ bàtà kan, mo dúró.

Kò sí nǹkan kan. Mo jẹ́ kó balẹ̀ padà. Mo gbé e.

Ní ìgbà kẹrin okùn ò bá mi wá sókè, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka fà á. Tí kì í bá ṣe pé mò ń wo okùn ni, mi ò ní mọ̀ torí kò jà, kò gbọ̀n. Mo fà á. Ọparun tẹ̀! Ọparun ò ní rííìlì, kò sí ohun tó o fẹ́ tú tàbí tó o fẹ́ ká, ẹ̀yìn ni wàá máa rìn, èmi náà ń rìn lẹ́yìn-lẹ́yìn títí mo fi jókòó sínú koríko, epìyà náà jókòó níwájú mi. Ó tóbi ju ọwọ́ mi lọ. Ọmọ lámilámi wà ní igun ẹnu ẹ̀, níbi tó yẹ kó wà gan-an.

Mo pariwo. Àwọn tó ń fọṣọ lódìkejì rò pé ejò bù mí ṣán.

Méjì mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àìkú, Erelú, lẹ́yìn náà ilé

Aago mẹ́fà àárọ̀ mo ti débẹ̀, èéfín ń yọ lójú omi, mo ro ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé báyìí ni tiwọn ṣe máa ń rí ní gbogbo ọjọ́.

Eléyìí tí mo fi fìlà ọmọ dì ló ń pa jù. Bàbá kan tó ń tú ìgèrè ẹ̀ sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyanu, wọ́n ní kí n wa ẹrẹ̀ etí omi, mo fọwọ́ bù ú, àwọn ìdin tẹ́ẹ́rẹ́ pupa ń yí gbirigbiri nínú ẹ̀. Ọmọ kòkòrò kan tó dà bí ẹ̀fọn ni, ẹ̀jẹ̀ ló pọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ara ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó lè mí nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Epìyà ń jẹ wọ́n. Mo ti wá ń pe òwú fìlà ní iṣẹ́ ọpọlọ báyìí, ẹ má dá mi lóhùn.

Ọ̀kan tí mo fà jáde, ìwọ̀ kọ́ ọ níta àgbọ̀n, kò sí lẹ́nu. Mo fẹ́ yọ ọ́ ni mo rí i pé ẹnu ẹ̀ kún, ẹyin ni, ó pupa rúsúrúsú bí ọkà bàbà. Bàbá ní "Dá a padà, dá a padà, ọmọ ló gbé sẹ́nu, kì í jẹun nírú àkókò yìí, ìwọ lo lọ kọ lù ú." Mo dá a padà. Ó dúró létí omi díẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí mọ́.

Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ wá dúró tì mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kín lẹ fi ń pa á?" Mo fi hàn án. Ó ní kí n yá òun. Mo yá a. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kó balẹ̀, kó ka márùn-ún, kó gbé e. Kò kà á, ó kàn ń wo okùn, ó gbé e, ẹja. Ó tún gbé e, ẹja. Mo ní kó gbé ọparun mi wá.

Mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú tọmọ yẹn, mo fún un ní mẹ́ta, mo fún àǹtí mi ní mẹ́rin, mo gbé méjì lọ sílé. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ idẹ ò wúlò, mi ò mọ̀ bóyá dídán ẹ̀ ló ń lé wọn, ẹja kan ò sún mọ́ ọn. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ohun kan tó wúwo gbé ọ̀kan nínú olójé nílẹ̀, kò sáré, ó kàn ń lọ, bí ẹni ń bọ̀ láti ọjà, ó sì bá okùn lọ. Bàbá ní àrọ̀ ni. Mi ò jiyàn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Ogbómọ̀ṣọ́ mo ṣí agolo tọ́míìtì wò. Ọ̀kan ló ṣẹ́kù nínú àwọn olójé. Eyín epìyà ti hó gbogbo òwú fìlà ara ẹ̀, ìrù ò sí, òjé ló yọ síta, wáyà kan dúró ṣánṣán níbi àyà bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Òun ló pa márùn-ún kẹ́yìn. Mo ya fọ́tò ẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Kín lèyí?"

Mo ní ọmọ lámilámi ni.

Ó ní kò jọ ọ́.